Orí 8: Kíkọ́ Akẹ́kọ̀ọ́ Iṣẹ́ Ilé ní Sọ́fítíwíà Ìṣètò àti Ìdíyelé

Orí yìí wà fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́ ní ẹ̀ka ìmọ̀ iṣẹ́ ọwọ́, àti fún olùkọ́ tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe, tó fẹ́ kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ iṣẹ́ ilé kíkọ́ àti ti QS (ìmọ̀ wíwọn iṣẹ́ ilé àti dídíyelé rẹ̀) bí a ṣe ń fi kọ̀ǹpútà ṣètò iṣẹ́ àti bí a ṣe ń fi í díyelé. Iṣẹ́ ìpìlẹ̀ kan ṣoṣo ni a ó máa lò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí i pé láti ara ìwọ̀n kan náà ni ọjọ́ àti owó iṣẹ́ ti ń jáde.

8.1 Èròǹgbà

Nígbà tí olùkọ́ bá parí orí yìí, ó yẹ kí ó lè:

- ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tó jẹ mọ́ ìṣètò àti ìdíyelé ní èdè tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò lóye;
- fi ọwọ́ ṣírò ọjọ́ tí iṣẹ́ kékeré kan yóò gbà, kí ó sì gbé ìṣirò náà sínú sọ́fítíwíà;
- kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ bí a ṣe ń wọn iṣẹ́ láti inú àwòrán, àti bí a ṣe ń sọ ìwọ̀n di owó;
- ṣe ìdánwò tí yóò fi hàn bóyá akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìgbà tí èsì kọ̀ǹpútà kò bá òtítọ́ sáìtì mu.

8.2 Àwọn ọ̀rọ̀ tó ṣe kókó

Ìgbésẹ̀ iṣẹ́ ni ẹ̀ka iṣẹ́ kan tó ní ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin, tí a sì lè fi iye ọjọ́ sí: wíwa ìpìlẹ̀, dída kọnkéré, títo búlọ́ọ̀kù. Aṣáájú ni ìgbésẹ̀ tó gbọ́dọ̀ parí kí òmíràn tó lè bẹ̀rẹ̀. Àyè ìfàsẹ́yìn ni iye ọjọ́ tí ìgbésẹ̀ kan lè fi pẹ́ láì sún ọjọ́ tí gbogbo iṣẹ́ yóò parí síwájú. Ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀ ni àwọn ìgbésẹ̀ tó tẹ̀ léra, tí kò sí àyè ìfàsẹ́yìn kankan láàárín wọn. Bí ọ̀kan nínú wọn bá fi ọjọ́ kan pẹ́, gbogbo iṣẹ́ ti fi ọjọ́ kan pẹ́ nìyẹn.

Ní ti owó, ìwọ̀n iṣẹ́ ni iye iṣẹ́ tí a yọ láti inú àwòrán, ní mítà, ní m², ní m³ tàbí ní ẹyọ. Iye ẹyọ ni owó tí ìwọ̀n kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ náà yóò ná wa, bí àpẹẹrẹ, m³ kọnkéré kan. Ìwé ìdíyelé iṣẹ́, tí àwọn oníṣẹ́ ń pè ní BOQ, ni ìwé tí a to gbogbo ìwọ̀n iṣẹ́ àti iye ẹyọ wọn sí. Ìfiṣòfò ni apá ohun èlò tí yóò fọ́, tí yóò dà nù tàbí tí a ó gé kúrò, tí a sì gbọ́dọ̀ rà síbẹ̀síbẹ̀.

8.3 Ibi tí ọgbọ́n ìṣètò yìí ti wá

Àwòrán ìlà gbọọrọ gbọọrọ tí sọ́fítíwíà ìṣètò máa ń fi ọjọ́ iṣẹ́ hàn dàgbà ju kọ̀ǹpútà lọ. Henry Gantt, onímọ̀ ẹ̀rọ ará Amẹ́ríkà, ló sọ ọ́ di ohun tí a mọ̀ káàkiri ní nǹkan bí ọdún 1910 sókè, orúkọ rẹ̀ ni a sì ń fi pè é títí dòní. Ní 1957, ilé iṣẹ́ DuPont àti Remington Rand ṣe ìṣirò ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀, tí a ń pè ní CPM. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà gbé ọ̀nà ìṣètò tí a ń pè ní PERT jáde fún iṣẹ́ ohun ìjà Polaris. Kọ̀ǹpútà ńlá ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò wọ̀nyí nígbà náà. Ẹ̀dà Microsoft Project àkọ́kọ́ jáde ní 1984. Primavera, tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1983, ti wà lọ́wọ́ Oracle láti 2008.

Ohun tí ìtàn yìí ń kọ́ olùkọ́ ni pé ìṣirò tó wà nínú sọ́fítíwíà kì í ṣe àdììtú. Àròpọ̀ àti àyọkúrò lásán ni. Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti fi ọwọ́ ṣe é lẹ́ẹ̀kan kò ní wo ojú kọ̀ǹpútà bí ẹni tó ń wojú babaláwo.

8.4 Kí a fi ọwọ́ ṣe é ná

Kí a tó ṣí kọ̀ǹpútà rárá, ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ mú bébà, rúlà àti pẹ́ńsù. Iṣẹ́ tí a ó lò ni ìpìlẹ̀ ilé kékeré kan: kòtò ìpìlẹ̀ gùn ní mítà 40, ó fẹ̀ ní 675 mm, kọnkéré inú rẹ̀ nípọn ní 225 mm. Búlọ́ọ̀kù náìnì-íǹsì ni a ó fi gbé ògiri ìpìlẹ̀ sókè ní mítà 1.125. Sáìtì ni a ó ti mọ búlọ́ọ̀kù náà. Fún ìṣirò àkọ́kọ́ yìí, ká gbà pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, láìsí ìsinmi.

*8.4.1 Ibi tí iye ọjọ́ ti ń wá*

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni kí olùkọ́ kàn kọ iye ọjọ́ sójú pátákó kí akẹ́kọ̀ọ́ sì dà á kọ. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ bí a ṣe rí i. Ògiri ìpìlẹ̀ wa jẹ́ 40 × 1.125, èyí tó jẹ́ 45 m². Bí a bá lo búlọ́ọ̀kù 10 fún m² kan, búlọ́ọ̀kù 450 ni a nílò. Ká sọ pé akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí sáìtì kan, ó jókòó ti bíríkìlà kan àti lébìrà rẹ̀, ó ka búlọ́ọ̀kù tí wọ́n tò lóòjọ́, ó sì rí 90. A ó fi 90 pín 450. Ọjọ́ 5 ni yóò gbà. Bí bíríkìlà méjì bá wà, tí àyè àti ohun èlò sì tó wọn, ọjọ́ 2 àti ààbọ̀ ni.

Ká má ṣe fún akẹ́kọ̀ọ́ ní iye tí oníṣẹ́ ń ṣe lóòjọ́ láti inú ìwé nìkan. Ìwé òkèèrè sọ̀rọ̀ nípa bíríkì kéékèèké tí a fi amọ̀ sun; búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ǹtì tiwa wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ, oòrùn tiwa sì mú ju tiwọn lọ. Bíríkìlà tó ń tò ní ìsàlẹ̀ kòtò kò ní yára bí èyí tó dúró sórí ilẹ̀ gbalasa. Ẹ rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ka ohun tí ojú wọn rí.

*8.4.2 Àtẹ ìgbésẹ̀ iṣẹ́*

| Àmì | Ìgbésẹ̀ | Aṣáájú | Ọjọ́ |
|---|---|---|---|
| A | Gígé igbó, kíkan pẹ́ẹ̀gì àti fífa okùn | – | 3 |
| B | Wíwa kòtò ìpìlẹ̀ | A | 4 |
| D | Dída kọnkéré ìpìlẹ̀ | B | 2 |
| E | Mímọ búlọ́ọ̀kù | A | 3 |
| Ẹ | Bíbomirin búlọ́ọ̀kù títí yóò fi le | E | 7 |
| F | Títo búlọ́ọ̀kù ìpìlẹ̀ | D, Ẹ | 5 |
| G | Dída yẹ̀pẹ̀ padà àti gígún un mọ́lẹ̀ | F | 3 |
| Gb | Dída jámáànì fulọ́ọ̀ | G | 2 |

*8.4.3 Lílọ síwájú àti bíbọ̀ sẹ́yìn*

Nígbà tí a bá ń lọ síwájú, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń bẹ̀rẹ̀ ní kété tí gbogbo aṣáájú rẹ̀ bá parí. A parí ní ọjọ́ 3. B bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, ó parí ní 7, D parí ní 9. Lápá kejì, E bẹ̀rẹ̀ ní 3 ó parí ní 6, Ẹ sì parí ní 13. F ní aṣáájú méjì: ọ̀kan parí ní 9, èkejì ní 13. Èyí tó pẹ́ jù ni F yóò dúró dè, nítorí náà 13 ni yóò bẹ̀rẹ̀, yóò sì parí ní 18. G parí ní 21, Gb ní 23. Ọjọ́ 23 ni gbogbo iṣẹ́.

Nígbà tí a bá ń bọ̀ sẹ́yìn, a ó bẹ̀rẹ̀ láti 23, a ó sì máa yọ ọjọ́ kúrò. Gb gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, ó pẹ́ tán, ní 21. G ní 18. F ní 13. D kò gbọdọ̀ kọjá 13 kó tó parí, nítorí náà ó lè bẹ̀rẹ̀ ní 11. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kíákíá ni 7. Àyè ìfàsẹ́yìn D jẹ́ 11 − 7, ọjọ́ 4. Ti B náà jẹ́ 4. Ti A, E, Ẹ, F, G àti Gb jẹ́ òdo. Àwọn mẹ́fà yìí ni ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀.

Ibí yìí ni kí olùkọ́ ti dúró pẹ́. Ẹ bi kíláàsì pé: bí ọ̀gá kọngílá bá sọ pé iṣẹ́ ń falẹ̀, tó sì kó lébìrà mẹ́wàá sí kòtò kí wíwa ìpìlẹ̀ lè parí ní ọjọ́ 2 dípò 4, ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ yóò fi yá? Ọ̀pọ̀ yóò dáhùn pé 2. Ìdáhùn tó tọ́ ni òdo. Kọnkéré yóò wà nínú kòtò, bíríkìlà yóò sì máa wo búlọ́ọ̀kù tí kò tíì le. Owó lébìrà mẹ́wàá ti lọ, ọjọ́ kan ṣoṣo kò sì yá.

Ìbéèrè kejì: bí a bá ra búlọ́ọ̀kù tó ti le láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń mọ ọ́n tà ńkọ́? E àti Ẹ yóò kúrò nínú àtẹ. Iṣẹ́ yóò wá gba 3 + 4 + 2 + 5 + 3 + 2, ìyẹn ọjọ́ 19. Akẹ́kọ̀ọ́ tó já fáfá yóò gbé ọwọ́ sókè níbí: ṣé a lè bẹ̀rẹ̀ sí í to búlọ́ọ̀kù lórí kọnkéré tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà tán? A kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Nínú ètò àkọ́kọ́, ọjọ́ 4 tó ṣẹ́ kù fún D ni kọnkéré fi ń le, a kò sì kọ ọ́ síbì kankan. Ní kété tí a bá yọ búlọ́ọ̀kù kúrò, ìdúró yìí di ohun tí a gbọ́dọ̀ kọ sílẹ̀. Bí a bá fún un ní ọjọ́ 2, iṣẹ́ yóò gba 21. Ohun tí a kò kọ sínú ètò nítorí pé ó fara pamọ́ sábẹ́ nǹkan mìíràn ló máa ń da ètò rú nígbà tí a bá yí i padà.

8.5 Gbígbé ìṣètò sínú sọ́fítíwíà

Akẹ́kọ̀ọ́ ti mọ̀ báyìí pé 23 ni ìdáhùn. Nígbà tí ó bá tẹ àtẹ kan náà sínú Microsoft Project, ProjectLibre tàbí GanttProject, tí kò sì rí 23, yóò wá ìdí rẹ̀. Wíwá ìdí yẹn ni ẹ̀kọ́ gan-an. Nǹkan mẹ́ta ló sábà máa ń fà á.

*8.5.1 Kàlẹ́ńdà.* Microsoft Project gbà, bí a kò bá yí i padà, pé Mọ́ńdè sí Fúráídè ni ènìyàn ń ṣiṣẹ́, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí márùn-ún ìrọ̀lẹ́, pẹ̀lú wákàtí kan fún oúnjẹ ọ̀sán. Sáìtì púpọ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá ń ṣiṣẹ́ ní Sátidé. Ìsinmi Ọdún Iléyá àti Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀ máa ń yí ọjọ́ padà lọ́dọọdún, nítorí pé kàlẹ́ńdà òṣùpá ni wọ́n ń tẹ̀ lé. A gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ tẹ̀ wọ́n sí i. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ òjò. Ẹni tó ń ṣètò wíwa ìpìlẹ̀ sí oṣù kẹfà láì yọ ọjọ́ kankan sọ́tọ̀ fún òjò kò tíì ṣètò.

*8.5.2 Iṣẹ́ tí kò mọ ọjọ́ ìsinmi.* Búlọ́ọ̀kù kì í sinmi lọ́jọ́ Sọ́ńdè. Ó ń le lọ ni. Ká sọ pé mímọ búlọ́ọ̀kù parí ní ìrọ̀lẹ́ Túsìdè. Ọjọ́ méje lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́ ìrọ̀lẹ́ Túsìdè tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ 7d, sọ́fítíwíà yóò fo Sátidé àti Sọ́ńdè, yóò sì sọ pé ìrọ̀lẹ́ Tọ́sìdè ni. Nítorí pé Ẹ wà lórí ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀, ọjọ́ iṣẹ́ méjì ti sọnù lọ́wọ́ gbogbo iṣẹ́ láìnídìí. Nínú Microsoft Project, 7ed ni a ó kọ, kí ó lè ka gbogbo ọjọ́ pátá. Ẹ jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ méjèèjì, kí wọ́n sì fi ojú ara wọn rí bí ìlà ìsàlẹ̀ gbogbo ṣe ń sún. Irú nǹkan báyìí ṣòro láti gbàgbé.

*8.5.3 Ìsopọ̀.* Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń kánjú máa ń tẹ ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ sí iwájú ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Àwòrán rẹ̀ yóò dára lójú, ṣùgbọ́n òkú ni: bí kọnkéré bá fi ọ̀sẹ̀ kan pẹ́, búlọ́ọ̀kù yóò ṣì jókòó sí ọjọ́ tí a tẹ̀ fún un. Aṣáájú ni kí wọ́n tẹ̀, kí sọ́fítíwíà fúnra rẹ̀ ṣírò ọjọ́. Láti ẹ̀dà 2010 ti Microsoft Project, ìgbésẹ̀ tuntun máa ń wọlé ní ipò ìfọwọ́ṣètò. Kí olùkọ́ kọ́ wọn láti yí i sí ipò tí ọjọ́ ti ń tẹ̀ lé aṣáájú kí wọ́n tó tẹ ohunkóhun. Ìdúró kọnkéré tí a sọ lókè ni a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ aṣáájú: bí nọ́mbà ìlà kọnkéré bá jẹ́ 3, a ó kọ 3FS+2d. FS túmọ̀ sí pé aṣáájú gbọ́dọ̀ parí kí èyí tó bẹ̀rẹ̀. 2d ni ọjọ́ tí a ó fi dúró lẹ́yìn rẹ̀.

Lẹ́yìn tí ètò bá ti pé, kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀dà àkọ́kọ́ pamọ́ gẹ́gẹ́ bí ètò ìpìlẹ̀ṣẹ̀, kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní sáìtì. Láìsí i, kò sí ohun tí a ó fi wé ìlọsíwájú iṣẹ́.

8.6 Wíwọn iṣẹ́ àti ìdíyelé

*8.6.1 Ìwọ̀n àwòrán.* Sọ́fítíwíà bíi CostX àti PlanSwift máa ń jẹ́ kí a fi atọ́ka fa ìlà lórí àwòrán PDF, kí ó sì ka gígùn àti fífẹ̀ fún wa. Kí a tó fa ìlà kankan, a gbọ́dọ̀ sọ ìwọ̀n àwòrán fún un. Ibẹ̀ ni ewu wà. Àwòrán tí wọ́n yà sí bébà A1 ní ìwọ̀n 1:50, tí ẹnìkan wá tẹ̀ sí A3, ti kéré sí ìdajì lójú ìlà. 1:100 ló dà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 1:50 ṣì wà nínú àkọlé rẹ̀. Bí akẹ́kọ̀ọ́ bá gba àkọlé gbọ́, kòtò mítà 40 wa yóò jáde ní mítà 20. Ilẹ̀ yàrá tó jẹ́ 96 m² yóò jáde ní 24 m², nítorí pé ìdajì lọ́nà méjèèjì ni. Ògiri ìpìlẹ̀ 45 m² yóò jáde ní 22.5, nítorí pé gígùn nìkan ló ti inú àwòrán wá, gíga rẹ̀ sì jẹ́ èyí tí a tẹ̀. Àṣìṣe kan ṣoṣo, ojú oríṣiríṣi ni ó fi ń jáde. Ìdí nìyẹn tó fi ṣòro láti mọ̀ bí a bá kàn wo àròpọ̀ owó.

Ìtọ́jú rẹ̀ rọrùn. Kí akẹ́kọ̀ọ́ wá ìlà kan tí wọ́n kọ mítà rẹ̀ sára rẹ̀ nínú àwòrán, kí ó wọ̀n ọ́n, kí ó sì rí i pé méjèèjì bára mu. Kí ó tún wọn òmíràn tó dúró lóòró. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ gba iṣẹ́ kankan tí àyẹ̀wò méjì yìí kò bá sí lójú ewé rẹ̀ àkọ́kọ́.

Ìlànà BESMM4 ti NIQS, ẹgbẹ́ àwọn QS Nàìjíríà, ni a ń tẹ̀ lé ní Nàìjíríà fún ọ̀nà tí a ń gbà wọn iṣẹ́ àti bí a ṣe ń to wọ́n sínú ìwé. Sọ́fítíwíà tí wọ́n ṣe fún orílẹ̀-èdè mìíràn lè ní ìlànà tirẹ̀ nínú; kí olùkọ́ yẹ̀ ẹ́ wò kí kíláàsì tó bẹ̀rẹ̀.

*8.6.2 Búlọ́ọ̀kù 10 fún m² kan.* Níbo ni 10 ti wá? Ojú búlọ́ọ̀kù náìnì-íǹsì jẹ́ 450 mm × 225 mm, ìyẹn 0.10125 m². Bí a bá fi í pín 1, a ó rí 9.88, tí a ń sọ di 10. Ṣùgbọ́n ògiri ní mọ́tà láàárín. Bí mọ́tà bá nípọn ní 25 mm, búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú mọ́tà rẹ̀ gba 475 × 250, tí í ṣe 0.11875 m², 8.42 ló wọ inú m² kan. Fún ògiri wa, 379 ni, kì í ṣe 450. Búlọ́ọ̀kù 71 tó lé yẹn ni àyè tí 10 ti fi sílẹ̀ fún fífọ́, gígé àti mọ́tà tó tín-ín-rín.

Wàyí o, akẹ́kọ̀ọ́ tó lo 10, tó sì tún jẹ́ kí sọ́fítíwíà fi 10% kún un fún ìfiṣòfò, yóò rà 495. Ó ti ka ìfiṣòfò lẹ́ẹ̀mejì. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ̀, nítorí pé kò mọ ohun tó wà nínú 10 tí a fún un. Nínú ìwé iye ẹyọ tí a bá gbà láti ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ bi ni pé: ṣé ìfiṣòfò ti wà nínú èyí?

*8.6.3 Sìmẹ́ǹtì fún kọnkéré ìpìlẹ̀.* Kọnkéré wa jẹ́ 40 × 0.675 × 0.225, ìyẹn 6.075 m³. Àpòpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1:2:4: sìmẹ́ǹtì ìdá 1, yanrìn 2, òkúta 4, àpapọ̀ 7. Ohun èlò gbígbẹ máa ń súnkì nígbà tí omi bá kàn án, nítorí náà a ń fi 1.54 sọ ọ́ di púpọ̀. Sìmẹ́ǹtì jẹ́ 1.3365 m³. m³ sìmẹ́ǹtì kan wúwo tó kìlógíráàmù 1440, àpò kan sì jẹ́ kìlógíráàmù 50. Ìdáhùn jẹ́ 38.49, àpò 39 ni a ó rà. Nínú Excel, ìlà kan ni:

=ROUNDUP(6.075*1.54/7*1440/50,0)

Ìlà yìí tọ́, ṣùgbọ́n kò dára. Bí àpòpọ̀ bá yí padà sí 1:3:6, akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa wá 7 kiri nínú ìwé. Kí wọ́n fi nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan sínú àpótí tirẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìlà ìṣirò sì máa tọ́ka sí àpótí wọ̀nyí. Owó ọjà gbọ́dọ̀ ní ewé tirẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí a béèrè rẹ̀ àti ọjà tí a ti béèrè. Iye tí wọ́n ń ta sìmẹ́ǹtì kì í dúró lójú kan. Bí owó bá wà káàkiri inú ìwé, ìdíyelé oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ti di ìdààmú.

8.7 Síso owó mọ́ ọjọ́

Nígbà tí ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti ní ọjọ́ àti owó, sọ́fítíwíà lè sọ iye tí ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Kọngílá kékeré nílò èyí ju àròpọ̀ gbogbo owó lọ, nítorí pé ohun tó máa ń dá iṣẹ́ dúró ni owó tí kò sí lọ́wọ́ ní ọ̀sẹ̀ tí a nílò rẹ̀. Nínú iṣẹ́ wa, rírà búlọ́ọ̀kù dípò mímọ ọ́n yóò mú kí iṣẹ́ yá, yóò sì tún kó owó búlọ́ọ̀kù jọ sí ẹ̀ẹ̀kan náà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ gbé ètò méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

8.8 Yàrá kọ̀ǹpútà

Ní ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́, kọ̀ǹpútà kò tó, iná kò sì dúró. Kí olùkọ́ má ṣe sọ èyí di ìdí láti máa fi pírójẹ́kítọ̀ han ọgọ́rùn-ún akẹ́kọ̀ọ́ bí òun nìkan ṣe ń tẹ̀ ẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì lórí kọ̀ǹpútà kan dára: ọ̀kan ń ka àwòrán, èkejì ń tẹ̀, wọ́n sì ń pààrọ̀ ipò ní ìdajì wákàtí. Nígbà tí iná bá lọ, iṣẹ́ ọwọ́ inú 8.4 ń lọ lọ́wọ́ lórí bébà. Google Sheets ń ṣiṣẹ́ lórí fóònù. Ìlà ìṣirò sìmẹ́ǹtì kò nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

ProjectLibre, GanttProject àti LibreOffice Calc jẹ́ ọ̀fẹ́, wọn kò sì nílò kọ̀ǹpútà alágbára. Olùkọ́ kò gbọdọ̀ pín sọ́fítíwíà tí wọ́n jí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Yàtọ̀ sí pé ó lòdì sí òfin, irú rẹ̀ ló ń kó fáírọ́ọ̀sì wọ gbogbo kọ̀ǹpútà yàrá, ó sì ń kọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé iṣẹ́ ọpọlọ ẹlòmíràn kò níye, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọpọlọ ni QS fúnra rẹ̀ ń tà.

8.9 Ìdánwò

Ìdánwò tó ní kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ bọ́tìnì tí a ń tẹ̀ kò wúlò. Ẹ̀dà tuntun yóò gbé bọ́tìnì lọ síbòmíràn. Èyí tó dára jù ni kí olùkọ́ fún wọn ní fáìlì tí a ti fi àṣìṣe sí: àwòrán tí ìwọ̀n rẹ̀ kò tọ́, ìgbésẹ̀ kan tí kò ní aṣáájú, ìfiṣòfò tí a kà lẹ́ẹ̀mejì. Kí wọ́n wá wọn rí, kí wọ́n sì kọ bí wọ́n ṣe mọ̀. Máàkì tó pọ̀ jù gbọ́dọ̀ wà fún àlàyé, kí ìyókù wà fún àtúnṣe.

8.10 Kókó orí yìí

- Ìwọ̀n iṣẹ́ ni a ti ń rí iye ọjọ́ àti iye owó. Bí ìwọ̀n bá ṣì, méjèèjì ṣì.
- Akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ ti fi ọwọ́ rí ìdáhùn kí ó tó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà.
- Fífi oníṣẹ́ kún ìgbésẹ̀ tó ní àyè ìfàsẹ́yìn kò mú iṣẹ́ yá.
- Kàlẹ́ńdà, ìsopọ̀, ìwọ̀n àwòrán àti ìfiṣòfò ni ibi mẹ́rin tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

Ìdánrawò

1. Ẹ ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí pẹ̀lú àpẹẹrẹ kọ̀ọ̀kan láti sáìtì: aṣáájú, àyè ìfàsẹ́yìn, iye ẹyọ, ìfiṣòfò.

2. Nínú àtẹ 8.4.2, wíwa kòtò (B) bá òkúta pàdé, ó sì gba ọjọ́ 10 dípò 4. Ẹ tún gbogbo ìṣirò ṣe. Ọjọ́ mélòó ni iṣẹ́ yóò gbà báyìí? Àwọn ìgbésẹ̀ wo ló wà lórí ọ̀nà àìgbọdọ̀falẹ̀ tuntun? Ọjọ́ mélòó ni àyè ìfàsẹ́yìn búlọ́ọ̀kù?

3. Ògiri kan gùn ní mítà 12, ó ga ní mítà 3. Ó ní ilẹ̀kùn kan tó jẹ́ 0.9 m × 2.1 m àti fèrèsé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 1.2 m × 1.2 m. Ẹ wá ìwọ̀n ògiri lẹ́yìn tí ẹ bá yọ àyè wọ̀nyí kúrò, kí ẹ sì ṣírò búlọ́ọ̀kù ní ọ̀nà méjì: pẹ̀lú 10, àti pẹ̀lú 8.42 tí a fi 5% kún. Ẹ sọ èyí tí ẹ ó lò àti ìdí rẹ̀.

4. Ẹ ṣe ìwé ìṣirò kan nínú Excel tàbí Google Sheets tí yóò sọ iye àpò sìmẹ́ǹtì fún kọnkéré èyíkéyìí, ní àpòpọ̀ èyíkéyìí. Kò gbọdọ̀ sí nọ́ńbà kankan nínú ìlà ìṣirò yàtọ̀ sí èyí tó ń sọ fún ROUNDUP ibi tí yóò dé.

5. Ẹ lọ sí sáìtì kan tó súnmọ́ yín, kí ẹ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ọ̀gá ibẹ̀, kí ẹ sì ka búlọ́ọ̀kù tí bíríkìlà kan tò láàárín wákàtí méjì. Ẹ kọ ohun gbogbo tó dá a dúró. Ẹ fi iye tí ẹ rí ṣírò ọjọ́ F lákọ̀tun.

6. Iṣẹ́ olùkọ́: ẹ ṣètò ẹ̀kọ́ wákàtí méjì lórí 8.5.2 fún akẹ́kọ̀ọ́ 40 àti kọ̀ǹpútà 12, kí ẹ sì kọ ohun tí ẹ ó ṣe bí iná bá lọ ní ìṣẹ́jú kẹẹ̀ẹ́dógún.